Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Tírákà fún Ọkọ̀ Yín

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àbúrò ìyàwó mi jáde nínú ilé ìjọsìn ní Ìbàdàn, kò bá ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó gbé e sí. Toyota Corolla ni. Bí àwa yòókù ṣe ń sáré sókè sódò, ọkàn tirẹ̀ balẹ̀. Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ má mikàn, tírákà wà lára ẹ̀.” Ó fa fóònù yọ, ó ṣí áàpù, ó sì rí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró gbagidi síwájú ilé rẹ̀ ní Akóbọ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ nílé pé kó yọjú síta. Ìyàwó yọjú, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ìgbà yẹn la tó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà: oṣù 4 sẹ́yìn ni. Síìmù inú tírákà ti kú látìgbà náà, ẹ̀rọ ti dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. A ò rí ọkọ̀ náà mọ́ títí dòní.

Ẹ̀rọ tó rà kì í ṣe gbàrọgùdù. Ẹni tó tà á fún un kò rẹ́ ẹ jẹ, owó tó san kò sì kéré. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó béèrè lọ́jọ́ tó ń rà á ló dá lórí ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe: ṣé ó ń fi máàpù hàn, ṣé ó ń pa ẹ́ńjìnnì, ṣé èèyàn lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀. Kò béèrè ohun tó lè mú kó dákẹ́. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ bá ń lọ sí Computer Village n’Íkẹjà, tàbí bí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ yìí bá wá bá yín ní ọ́fíìsì. Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jìnnà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tírákà. Èyí tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí olè ti wá a tì ni kí ẹ rà.

Etí àti ẹnu

Tírákà ní etí, ó sì ní ẹnu. Etí rẹ̀ ni GPS. Àwọn sátẹ́láìtì tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé sójú òfurufú, tí wọ́n lé ní 24, ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń kéde àkókò àti ibi tó wà láìdánudúró. Bí tírákà bá gbọ́ mẹ́rin nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, á fi àkókò tí ìkéde kọ̀ọ̀kan fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣírò ibi tóun alára wà. Ní gbangba, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju mítà díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sátẹ́láìtì ló ń wo ọkọ̀ wọn látòkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì ò mọ̀ pé ọkọ̀ yín wà láyé. Tírákà ló ń gbọ́ ọ, kì í dá a lóhùn.

Ẹnu rẹ̀ ni síìmù. Bó bá ti mọ ibi tó wà, ó ní láti gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ìbáà ṣe MTN, Airtel tàbí Glo, kó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o, kí áàpù inú fóònù yín tó rí nǹkan kà. Tí síìmù bá kú, tírákà ṣì mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n odi ni.

Ní ti etí, ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ béèrè: ṣé GPS ti Amẹ́ríkà nìkan ló ń gbọ́ ni, àbí ó tún ń gbọ́ GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù tàbí BeiDou ti Ṣáínà? Láàárín àwọn ilé gogoro Marina àti Broad Street l’Ékòó, níbi tí ògiri ti bo ojú ọ̀run, èyí tó ń gbọ́ púpọ̀ ló máa tètè mọ ibi tó wà. Etí kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ni kí a mójú tó.

Síìmù tó ń pa ọ̀pọ̀ tírákà

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ta tírákà pẹ̀lú síìmù tiwọn nínú rẹ̀, àwọn ló ń san owó dátà, ẹ̀yin á máa san owó ọdọọdún fún wọn. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ lọ ra síìmù yín wá. Bó bá jẹ́ ti èkejì yìí, ẹ̀yin lẹ ni ẹrù náà. Síìmù yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí NIN yín. Kì í ṣe NIN ọmọ tó bá yín so ó mọ́ ọkọ̀, kì í sì í ṣe síìmù tí wọ́n ti forúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti síìmù tí NIN rẹ̀ kò bára mu, tiyín á bá a lọ.

Ohun kejì tó ń pa síìmù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ìlà kan bá lo oṣù 6 láìṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé fún ilé-iṣẹ́ fóònù, òfin fún wọn láyè láti tì í pa, tó bá sì tún pẹ́ sí i, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Tírákà kì í pe ẹnikẹ́ni, kì í ra káàdì fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyàwó mi nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó dátà dẹ́rù bà yín. Bí tírákà bá ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra wọn, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi báìtì 150, ìgbà 2,880 ló máa ránṣẹ́ lóòjọ́, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 13 lọ lóṣù. Ká tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kò tó fídíò kan tí ọmọdé ń wò lórí fóònù. Dátà kì í tán lórí tírákà. Ọjọ́ ló ń pé lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra dátà ọlọ́jọ́ gígùn, kí ẹ kọ ọjọ́ tó máa pé sórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kí ẹ sì máa fi káàdì díẹ̀ sórí rẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́. Tírákà tó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán sọ ibi tó wà nígbà tí dátà bá kọ̀ dára ju èyí tí dátà nìkan jẹ́ ẹnu rẹ̀.

Ẹ tún béèrè irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò. 2G ni púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ń lò. 2G ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni fóònù máa ń dúró sí ní ọ̀pọ̀ oko àti ìletò. Ṣùgbọ́n ayé ń kúrò níbẹ̀: AT&T ní Amẹ́ríkà ti pa 2G tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n rà ni 4G tó lè sọ̀ kalẹ̀ sórí 2G nígbà tó bá dé ibi tí 4G ò sí. 4G tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ máa yadi láàárín Ìmẹ̀kọ àti Ṣakí, níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ń fi tírákà ránṣẹ́ sí láti Houston tàbí Atlanta. 2G tiwa wà lórí ìgbì 900 àti 1800 MHz, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 850 àti 1900. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà nìkan lè dé ibí kó má gbọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, bó ti wù kó lówó lórí tó. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ rà á ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí fún yín kó tó sanwó.

Bí olè bá yọ bátìrì ńkọ́?

Ohun tó rọrùn jù fún olè láti ṣe ni kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó tú orí bátìrì. Tírákà tó bá ń jẹ iná ọkọ̀ nìkan á kú lójú ẹsẹ̀. Èyí tó dára ní bátìrì kékeré tirẹ̀ nínú, ó sì máa ń kígbe sí fóònù yín ní kété tí iná ọkọ̀ bá ti já. Igbe yẹn wúlò ju máàpù lọ, torí ó lè jí yín lójú oorun nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní àgbàlá.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó tán, ẹ ní kí rìwáyà tú orí bátìrì ọkọ̀ lójú yín, kí ẹ jókòó, kí ẹ máa wo áàpù. Mo ti rí èyí tó kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 7. Mo ti rí èyí tó wà láàyè dọjọ́ kejì. Ní tèmi, èyí tí kò bá lè gbé wákàtí 6 kò yẹ ní rírà, torí láàárín wákàtí 6 ni ẹ máa tó jí, kí ẹ tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹnìkan tó dá yín lóhùn.

Fún àwọn tó máa ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ sókè òkun: tírákà ń jẹ bátìrì ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń fa mílíámpù 50 láìsinmi, 1.2 ampere-hour ló ń jẹ lóòjọ́, bátìrì 45 sì ti dé ìdajì ní bí ọjọ́ 19, kó tó wá di pé ẹ ka ohun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tó máa ń sùn bí ọkọ̀ bá dúró, tó sì máa ń jí bí ohunkóhun bá mì í. Ẹni tó ní tírélà tàbí bọ́ọ̀sì ńlá gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà lè gba fóltì 24. Ti ọkọ̀ kékeré jẹ́ 12.

Àwọn oríṣi tó wà lọ́jà

Èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ inú ọkọ̀ ni mo ń sọ látàárọ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ọ̀kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ sítíárì, ihò oní-pín-ìnì 16 tí mẹkáníìkì máa ń fi kọ̀ǹpútà wo àìsàn ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in, nítorí náà, bí tòkunbọ̀ tí ẹ ń gùn bá ti Amẹ́ríkà wá, ó ní in. Ó rọrùn: ẹ ó kì í bọ ihò náà, ó ti parí. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀ náà fún olè láti yọ. Ẹni tó fẹ́ mọ bí dírẹ́bà rẹ̀ ṣe ń sáré lè lò ó. Ní ti olè jíjí, kò wúlò.

Oní-mágínẹ́ẹ̀tì ní bátìrì tirẹ̀, kò ní wáyà kankan, irin ọkọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ máa ń yọ ọ́ fi sí iná. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkejì: bí olè bá rí ti àkọ́kọ́, inú rẹ̀ á dùn, kò ní wá òmíràn. Ohun kékeré bí bọ́tìnnì bíi AirTag, tí Apple gbé jáde lọ́dún 2021, kò ní GPS, kò sì ní síìmù. iPhone ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. L’Ékòó, ó lè bá yín rí ọkọ̀. Ní ìletò tí kò sí iPhone, ó di bọ́tìnnì lásán. Ó sì tún máa ń kìlọ̀ fún fóònù ẹni tó bá ń gbé e kiri pé ohun kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, olè náà á sì gbọ́.

Pípa ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè

Èyí ni àwọn tó ń ta tírákà fi ń fa oníbàárà mọ́ra jù: ẹ tẹ fóònù, ẹ́ńjìnnì á kú. Òótọ́ ni. Rìwáyà á gé wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù epo, á fi riléè, ohun kékeré tó ń já iná tó sì ń so ó, sáàárín rẹ̀, tírákà á sì máa pàṣẹ fún riléè náà. Àṣẹ yìí lè gba ọkọ̀ là. Ó tún lè pa èèyàn.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré 100 lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, agbára tó ń ran sítíárì lọ́wọ́ lọ nìyẹn, bíréèkì náà á sì le bí òkúta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta. Tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, tírákà tó lè pa ẹ́ńjìnnì tí kò sì wo eré tí ọkọ̀ ń sá, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà. Èyí tó dára á gba àṣẹ yín, á dì í mú, á sì dúró títí eré á fi wálẹ̀ sí 20 kìlómítà ní wákàtí kan tàbí tí ọkọ̀ á fi dúró, kó tó gé epo. Ẹ dán an wò ní pápá tó ṣófo kí ẹ tó san owó tó kù.

Ohun tó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bí àwọn adigunjalè bá gbé ọkọ̀ pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọmọ yín nínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn. Ọkọ̀ tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú títì máa bí wọn nínú, ẹni tó wà nítòsí wọn ni wọ́n sì máa kanra mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn èèyàn yín pé òun ti sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní áàpù náà lórí fóònù rẹ̀ nílé yín gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èyí létí kí ọjọ́ náà tó dé, torí ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ronú.

Ọ̀nà mìíràn wà tí rìwáyà tó mọṣẹ́ lè tọ̀: kó so riléè mọ́ wáyà tó ń sún ẹ́ńjìnnì ta, kó fi pọ́ǹpù epo sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó bá ń lọ kò ní kú láéláé, ṣùgbọ́n ibi tí olè bá ti pa á, ibẹ̀ ló máa sùn sí. Fún ọkọ̀ tí ìyá àti ọmọ ń gùn, èyí ló wù mí jù. Fún ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ háyà, ẹ lè gé epo.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe so riléè náà: bí tírákà bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ṣé ọkọ̀ á ṣì ṣiṣẹ́? Ó yẹ kó ṣiṣẹ́. Mo mọ ẹni tí wọ́n so tirẹ̀ sódì, tí ọkọ̀ rẹ̀ kú lórí Third Mainland Bridge ní aago 7 àárọ̀ nítorí riléè olówó pọ́ọ́kú. Ẹ ní kí wọ́n lo riléè tó lè gbé ámpù 40, kí wọ́n sì fi fíúùsì sí i.

Lẹ́yìn ẹnubodè

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ jíjí àti Kùtọnù kì í ṣe ti òní. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ìjọba Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ pa nítorí àwọn tó ń jí ọkọ̀ kó sọdá, pàápàá ọ̀gá wọn tí wọ́n ń pè ní Hamani Tidjani, kí wọ́n tó fa ọkùnrin náà lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Láti Badagry dé Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀nà Ìdíìrókò àti Òkèrété náà sì wà níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá sọdá, síìmù tiwa á bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí wọn ò bá ti ṣí i sílẹ̀ fún ìlú òkèèrè, ẹnu tírákà dí nìyẹn, níbi tó yẹ kó ti pariwo jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní tààrà: ṣé síìmù yín ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnù? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Bó bá jẹ́ síìmù tiyín ni, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ fóònù kí ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀rọ náà máa ń tọ́jú ìrìn rẹ̀ pamọ́ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí á wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá padà gbọ́. Kódà bí ọkọ̀ bá ti lọ, ọ̀nà tó gbà á ṣe ọlọ́pàá láǹfààní.

Ẹ sì fa ààlà tiyín sórí máàpù. Áàpù tó dára máa jẹ́ kí ẹ fi ìlà yí Èkó tàbí Ìbàdàn po, kó sì kìlọ̀ fún yín bí ọkọ̀ bá ré e kọjá. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í kúrò ní Ṣúrùlérè lè fi ìlà yí Ṣúrùlérè nìkan.

123456

Ọ̀pọ̀ tírákà láti Ṣáínà máa ń dé pẹ̀lú 123456 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í yí i. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà síìmù inú rẹ̀ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo pa ẹ́ńjìnnì yín. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ BitSight àti CISA, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò orí kọ̀ǹpútà, kéde pé tírákà kan tó ń jẹ́ MiCODUS MV720 ní ihò tí àjèjì lè gbà wọlé láti òkèèrè, kó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, kó sì gé epo rẹ̀. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, lójú ẹni tó so ó, kí òun má sì mọ tuntun. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé nọ́ńbà tiyín nìkan ni ẹ̀rọ náà á máa gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Bí ẹlòmíràn bá ń wa ọkọ̀ náà fún yín, ẹ sọ fún un pé tírákà wà níbẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ibi tí èèyàn ń rìn sí mọ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ni kí ẹ rò lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí ìdí tí ọkọ tàbí ọ̀gá kan fi nílò rẹ̀.

Ẹni tó máa so ó, ibi tó máa wà

Rìwáyà yín tó ti ń tún ọkọ̀ yín ṣe láti ọdún mẹ́ta dára ju ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lọ, bó bá ti mọ iṣẹ́ tírákà. Kó má gé wáyà tó ń lọ sí brain box, kó má sì súnmọ́ wáyà àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ nígbà ìjàǹbá.

Abẹ́ sítíárì àti inú àpótí iwájú èrò ni olè á kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó jinlẹ̀, abẹ́ ike ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, tàbí inú bọ́ńpà ẹ̀yìn tó jẹ́ ike ló dára. Etí tírákà ń gbọ́ láti inú ike àti aṣọ, kì í gbọ́ láti abẹ́ irin. Kó jìnnà sí ooru ẹ́ńjìnnì. Bó bá máa wà níbi tí omi lè dé, kí wọ́n ti kọ IP67 sára rẹ̀: nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti eruku, ìkejì jẹ́ ti omi, 7 sì túmọ̀ sí pé ó lè wà lábẹ́ omi mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó mọ bí Lẹkí ṣe ń kún lásìkò òjò mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí.

Ẹ má lẹ sítíkà ilé-iṣẹ́ tírákà mọ́ gíláàsì. Àwọn kan gbà pé ó ń lé olè. Ohun tí mo rí ni pé ó ń sọ fún un pé kó wá nǹkan.

Aago méjì òru

Kí ẹ tó sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa bójú tó ọkọ̀ yín, ẹ pe nọ́ńbà wọn ní aago méjì òru. Kì í ṣe àwàdà. Bí kò bá sí ẹni tó gbé e, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lóru tí wọ́n bá jí ọkọ̀. Ẹ béèrè iye ọdún kejì, torí ti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi ẹ̀dínwó sí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe gan-an bí ẹ bá pè: ṣé nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni wọ́n máa fún yín, àbí wọ́n ní àwọn èèyàn tó ń bá ọlọ́pàá jáde? Iye owó tó yàtọ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ kan àti èkejì, ìdáhùn ìbéèrè yìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tírákà kò sì ní gba ipò inṣọ́ránsì. Third party, tí owó rẹ̀ di ₦15,000 ní oṣù Kínní ọdún 2023, kì í sanwó ọkọ̀ tí wọ́n bá jí. Comprehensive ló ń san án.

Bó bá ṣẹlẹ̀

Bí wọ́n bá jí ọkọ̀ yín, ẹ má lé wọn. Bó bá jẹ́ ìbọn ni wọ́n fi gbà á, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ tírákà. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín, ẹ pe 112. L’Ékòó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnìkan dúró ti áàpù, kó máa ya àwòrán ojú rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, pẹ̀lú àkókò, kí ẹlòmíràn máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kó mú ìwé ọkọ̀, nọ́ńbà ṣásì oní-àmì 17, àti fóònù tó ń fi máàpù hàn dání. Ọlọ́pàá tó rí ọkọ̀ tó ń rìn lójú rẹ̀ á tètè dìde ju èyí tí wọ́n ń ròyìn fún lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró sí ilé kan, ẹ má lọ kanlẹ̀kùn.

Nọ́ńbà ṣásì, nọ́ńbà síìmù tírákà, IMEI rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹni tó bá kó o sínú àpótí ọkọ̀ ti fún olè. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ ṣí áàpù kí ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò gbà yín ní ìṣẹ́jú kan.

Tírákà ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ yín

Ẹni tó ra ọkọ̀ tó ti ní olówó tẹ́lẹ̀ l’Ékòó tàbí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ béèrè bóyá tírákà wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n rà ní háyà-pọ́ṣéèsì sábà máa ń ní in, ẹni tó yáni lówó sì lè ṣì ní áàpù náà lórí fóònù rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó tà á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ náà lójú yín, kó gbé e sórí nọ́ńbà yín. Bó bá ní òun ò mọ̀ nípa tírákà kankan, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà yín. Kó tẹ̀lé wáyà pọ́ǹpù epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó wo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù àti inú bọ́ńpà ẹ̀yìn. Bó bá rí riléè tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, kó yọ ọ́, kó so wáyà náà padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó tó so tiyín.